Ọmọ Tó Ní Orílẹ̀-Èdè Méjì: Ìdáhùn Sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú ní orílẹ̀-èdè méjì ni a óò fi ojú-ewé yìí jíròrò, lẹ́tà ti wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan, àti láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, mo sì ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ ti ń kà á, ẹ fi í sọ́kàn pé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀kan kì í sì í bi èkejì léèrè kó tó ṣe òfin tirẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, òbí tó bá káwọ́ lẹ́rán lè wá rí i pé ọjọ́ tí òfin dá ti kọjá, àti pé ẹ̀tọ́ tó yẹ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé yẹ̀ wò nígbà tó bá dàgbà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó mọ̀ pé òun ní in.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọmọbìnrin wa. Orílẹ̀-èdè ọkọ mi ni a bí i sí, ibẹ̀ náà ni a sì ń gbé. Èmi wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn kan ní ọmọ náà ti di ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì láti ọjọ́ tí a ti bí i. Àwọn mìíràn ní bí n kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì wa, ti bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá ọmọ tuntun

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kò dárúkọ orílẹ̀-èdè méjèèjì, nítorí náà n óò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí káàkiri, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ óò gbé lọ sí ẹ́ḿbásì yín.

Ọ̀nà méjì ni ọmọ fi ń di ọmọ onílùú láti ìgbà ìbí. Èkíní ni ilẹ̀ tí a bí i sí. Èkejì ni òbí tó bí i. Ní Kánádà àti Brazil, ọmọ tí a bí sórí ilẹ̀ wọn jẹ́ ọmọ wọn, àfi bí òbí rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ. Ireland ṣe irú àyípadà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005. Ẹ rí i pé ọdún tí a bí ọmọ ṣe pàtàkì bí ibi tí a bí i sí, nítorí pé òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ni wọn yóò wò.

Ti ẹ̀jẹ̀ òbí ló wé mọ́ ọ̀rọ̀ tiyín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí òbí bá ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan, ọmọ rẹ̀ náà ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣe é ní ìrọ̀rùn: ọmọ tí a bí sí òkè òkun jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìgbà ìbí rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òfin àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí ọ̀kan péré nínú àwọn òbí rẹ̀ tó ti ṣègbéyàwó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, òbí náà gbọ́dọ̀ ti gbé ní Amẹ́ríkà fún àpapọ̀ ọdún 5 kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kí ọdún 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ọdún 14. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí tó jẹ́ pé ipasẹ̀ òbí tirẹ̀ ló fi di ọmọ ilẹ̀ náà, tí a kò bí i síbẹ̀, kì í sábà lè gbé e lé ọmọ tí òun náà bá bí sí òkè òkun lọ́wọ́ láìṣe ètò mìíràn.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹ̀rí lásán ló jẹ́: ọmọ náà ti jẹ́ ọmọ wọn, ẹ́ḿbásì kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ kò bá forúkọ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò ní sí. Jámánì ni àpẹẹrẹ tó yẹ kó ta yín jí. Bí òbí tó jẹ́ ọmọ Jámánì bá jẹ́ ẹni tí a bí sí òkè òkun lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1999, tó sì ń gbé òkè òkun, ọmọ tó bá bí síbẹ̀ kì í di ọmọ Jámánì àfi bí wọ́n bá béèrè fún àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀ kó tó pé ọdún kan, tàbí bí ọmọ náà kò bá ní rí orílẹ̀-èdè kankan jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ yín ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìkómọjáde kankan tàbí ìsinmi. Ẹ kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ nítorí pé ìyá ni yín. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1979 lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin sọ nínú abala kẹsàn-án pé ẹ̀tọ́ kan náà ni ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ ní láti sọ ọmọ wọn di ọmọ onílùú. Síbẹ̀, títí di òní, ó ju ogún orílẹ̀-èdè lọ tí ìyá kò ti ní ẹ̀tọ́ yìí bíi ti bàbá. Kuwait, Qatar àti Lebanon wà lára wọn. Bí ẹ bá wá láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n ní báyìí, kí ẹ má sì ṣèlérí fún ọmọ ohun tí òfin kò tíì fún un.

Ọmọkùnrin mi ní páásípọ́ọ̀tù méjì. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kan, méjì ló wà nínú èkejì, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè ìyá rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá náà máa ń wọ inú ìwé. A ń múra ìrìn-àjò. Èwo ni kí a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, èwo ni kí a fi hàn? Ṣé irọ́ ni a ń pa bí a bá fi ọ̀kan hàn níbìkan, tí a sì fi èkejì hàn níbòmíràn? — Bàbá ọmọ ọdún márùn-ún

Kì í ṣe irọ́ rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè tí ẹ ń kúrò nínú rẹ̀ ni ẹ óò fi hàn fún àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀. Ti orílẹ̀-èdè tí ẹ ń wọ̀ ni ẹ óò fi wọlé. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ ọ́ ní tààrà pé páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi wọlé, òun náà ni yóò sì fi jáde, kò sì yọ ọmọdé sílẹ̀. Ní ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọn yóò gba ọmọ náà wọlé níbi tí ẹ ń lọ, nítorí náà, páásípọ́ọ̀tù ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ fi hàn wọ́n, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ sì fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú méjèèjì dání ní gbogbo ìgbà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá bi yín bóyá ọmọ náà ní òmíràn, ẹ má fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Ní báyìí tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìyàtọ̀ orúkọ kan ṣoṣo yìí kò tíì ju ìjíròrò ìṣẹ́jú díẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dàgbà, orúkọ kan yóò wọ inú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, èkejì yóò wọ inú ìwé báǹkì, ọ̀kan yóò wọ inú ìwé ìgbéyàwó, èkejì yóò sì wà lórí ìwé ogún, títí yóò fi di pé ó gbọ́dọ̀ lọ búra ní kóòtù kí wọ́n tó gbà pé òun kan náà ni. Ẹ bẹ ìjọba méjèèjì wò bóyá ọ̀kan nínú wọn yóò gbà kí ẹ tún orúkọ náà kọ kó lè bá èkejì mu. Bí òfin kò bá gbà, ẹ gba ìwé àṣẹ kan tó sọ pé ẹnì kan náà ló ní orúkọ méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kó wà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ àti ìtumọ̀ ìwé náà tí ẹni tí ìjọba mọ̀ ṣe. Ẹ yẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ ìbí wò nígbàkígbà tí ẹ bá gba ìwé tuntun, nítorí pé àṣìṣe tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí a bá rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹ má sì gbàgbé pé páásípọ́ọ̀tù ọmọdé kì í pẹ́ bíi ti àgbàlagbà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í ju ọdún 5 lọ. Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí i fún ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀, yálà kí wọ́n jọ wá tàbí kí èyí tí kò lè wá kọ ìwé ìfọwọ́sí. Bó bá jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló ń mú ọmọ rìnrìn-àjò, ó dára kí ó mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí kejì dání. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń béèrè rẹ̀ nítorí ààbò ọmọ.

Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún méje dé láti ilé-ìwé, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí a lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kejì, àwọn ìbátan wa pè é ní àlejò. Ó bi mí pé, “Mọ́mì, ọmọ ibo gan-an ni mí?” Mo ní ó jẹ́ ìdajì tibí, ìdajì tọ̀hún. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ni ǹ bá sọ? — Ìyá tó ń ronú

Ẹ sọ fún un pé odindi ni, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Òtítọ́ òfin ni èyí. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní The Hague, ìlú kan ní Netherlands, ní ọdún 1930 sọ nínú abala kẹta rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè méjèèjì tí ènìyàn bá jẹ́ ọmọ wọn ló lè kà á sí ọmọ tirẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ka ẹnikẹ́ni sí ìdajì ọmọ. Ọmọ ọdún méje kò nílò kí ẹ ka òfin fún un, ṣùgbọ́n ó nílò láti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, láìmikàn, pé kò sí ibì kankan nínú méjèèjì tó ti jẹ́ àlejò, àti pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ wà fún yín láti ṣe. Nígbà tí ìbátan bá pè é ní àlejò lójú yín, ẹ tún un sọ lójú ọmọ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rín músẹ́: “Ọmọ yín ni o, kì í ṣe àlejò.” Bí ẹ bá dákẹ́ nítorí ìtìjú, ọmọ náà yóò gbà pé ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ tó bá mọ ohun tó ń lọ lè tún un ṣe nínú kíláàsì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú ilé, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí tó fẹ́ràn ọmọ wọn dénúdénú ń bú ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì nígbà tí ìjọba ibẹ̀ tàbí àwọn àna bá ṣẹ̀ wọ́n, wọn kò sì rántí pé ara ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n ń bú. Ẹ lè sọ òtítọ́ nípa ìyà tó lé yín kúrò níbì kan. Ẹ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé, kí ẹ má sì fi ṣe ìdájọ́ lórí gbogbo ènìyàn ibẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun kan tí ǹ bá kọ́kọ́ dìrọ̀ mọ́, èdè ni. Ọmọ tó gbọ́ èdè àwọn ìbátan rẹ̀ lè bá wọn ṣeré, ó lè gbèjà ara rẹ̀, ó sì lè béèrè ohun tó bá wù ú láìsí ògbufọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Jules Ronjat, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fẹ́ obìnrin tó ń sọ èdè Jámánì, tọ́ ọmọkùnrin wọn pẹ̀lú ètò pé òbí kọ̀ọ̀kan kò ní sọ ju èdè tirẹ̀ lọ fún un. Ó tẹ àkíyèsí rẹ̀ jáde ní ọdún 1913, ó sì fi hàn pé ọmọ náà gbọ́ méjèèjì dáadáa. Ètò yìí ti ran ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀nà mìíràn ni kí gbogbo ilé máa sọ èdè tí kì í ṣe ti àdúgbò, kí ọmọ gbọ́ èkejì níta. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ohun tó ń mú un yọrí ni pé kí ẹ má fi í sílẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń fi èdè kejì dáhùn, nítorí ìgbà kan yóò dé tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má lù ú, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Ẹ máa bá a sọ tiyín lọ. Ẹ sì wá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè mìíràn, yálà lórí fóònù tàbí nígbà ìsinmi, nítorí ọmọdé kì í kọ èdè nítorí pé ó ṣe pàtàkì sí ìyá rẹ̀. Nítorí ẹni tó fẹ́ bá ṣeré ló ṣe ń kọ́ ọ.

Ó lè jẹ́ pé bó bá pé ọdún 13 tàbí 14, yóò faramọ́ ọ̀kan, yóò sì ní òun kò fẹ́ gbọ́ nípa èkejì. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ láìbá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ kú ní àkókò náà.

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wà nínú ìjà ńlá ní òkè òkun. Ó ní òun yóò mú ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mi bí ẹni wá lo ìsinmi, òun kò sì ní dá a padà mọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà ti ní páásípọ́ọ̀tù tiwa, kò sí ẹni tó lè mú un kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọkàn mi kò balẹ̀. — Ìyá àgbà

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lẹ́kun kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní The Hague ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1980, tí ó ju ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè lọ tó ti wọ inú rẹ̀. Ó sọ pé bí òbí kan bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò níbi tó ń gbé, tàbí tó kọ̀ láti dá a padà, tí ìyẹn sì tako ẹ̀tọ́ òbí kejì láti tọ́jú ọmọ náà, kí ìjọba ibi tí wọ́n gbé e lọ dá a padà. Ibi tí ọmọ ń gbé ni àdéhùn náà ń wò. Páásípọ́ọ̀tù tó ní kò yí i padà. Bí òbí kejì bá gbé ẹjọ́ dé kóòtù kí ọdún kan tó pé, dídá ọmọ padà ni òfin ń pa láṣẹ, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè kan nínú méjèèjì kò bá tilẹ̀ sí nínú àdéhùn náà, ìgbésẹ̀ yìí lè di ẹ̀sùn ìjínigbé lọ́rùn ọmọ yín, ó sì lè mú kí adájọ́ ibi tí wọ́n ń gbé gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ḿbásì jù pẹ̀lú. Àdéhùn ọdún 1930 tí mo mẹ́nu bà lókè sọ nínú abala kẹrin rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kan kò lè gbèjà ọmọ rẹ̀ lòdì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ẹni náà tún jẹ́ ọmọ rẹ̀. Níbi tí ọmọ ọmọ yín ń gbé, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n kà á sí.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú tàbí ń ṣe ọmọ náà níbi, ọ̀rọ̀ náà le ju èyí lọ, kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kí ó lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí àjọ tó ń dáàbò bo àwọn obìnrin níbi tó wà, kí ó wá lọ́yà tó mọ òfin ìdílé, kí ó sì bẹ kóòtù ibẹ̀ fún ààbò àti fún àṣẹ láti mú ọmọ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Àṣẹ tó bá gbà lọ́wọ́ adájọ́ ni yóò jẹ́ kí ọmọ ọmọ yín sùn nínú ilé yín láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wá a kiri.

Ọmọkùnrin méjì ni mo bí, ọdún 14 àti 11. Ṣé òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè tí wọn kò gbé rí lè pè wọ́n sí iṣẹ́ ológun, tàbí kó bu owó orí fún wọn? — Bàbá àwọn ọmọkùnrin

Òótọ́ ni, ó sì kù sọ́wọ́ irú orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Ní Gúúsù Kòríà, ọmọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ àti ọmọ ilẹ̀ mìíràn láti ìgbà ìbí ní títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó bá pé 18 láti kọ̀wé fi ti Kòríà sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kò sábà lè fi í sílẹ̀ mọ́ títí tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun rẹ̀ yóò fi yanjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò gbé ibẹ̀ rí ló ti há sínú òfin yìí, títí ilé-ẹjọ́ òfin-ilẹ̀ wọn fi dájọ́ ní ọdún 2020 pé ó le jù, tí wọ́n sì ṣe àyè díẹ̀ fún àwọn kan ní ọdún 2022. Singapore náà ń béèrè iṣẹ́ ológun lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, kò sì ń gbà kí àgbàlagbà jẹ́ ọmọ onílùú níbòmíràn. Ọdún 14 ni àkọ́bí yín. Ọdún yìí ló yẹ kí ẹ béèrè.

Ní ti owó orí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Amẹ́ríkà yàtọ̀: ó ń béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ níbi yòówù tó bá wà. Eritrea náà ń gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun. Boris Johnson, tó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ni a bí ní New York ní ọdún 1964, ó sì kúrò níbẹ̀ ní kékeré. Ní ọdún 2014, ó sọ ní gbangba pé Amẹ́ríkà ń béèrè owó orí lọ́wọ́ òun lórí ilé tí òun tà ní London. Ó sì fi ẹ̀tọ́ ọmọ Amẹ́ríkà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọdé tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí àkáǹtì fún ọmọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ní òkè òkun, tí àpapọ̀ owó inú àkáǹtì rẹ̀ wá ju dọ́là 10,000 lọ nígbàkígbà láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ibẹ̀ létí.

Ọmọ ọdún 17 ni mí. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú ìwé bàbá mi pé mo tún jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ dà mí lọ́kàn rú ni. Ṣé mo gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan bí mo bá pé ọdún 18? Inú ń bí mi gan-an. — Ọmọ tí wọn kò sọ fún

Ọmọ mi, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Mo fẹ́ kí àwọn òbí rẹ ka ìdáhùn yìí pẹ̀lú rẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí rò pé ohun tí ọmọ kò bá mọ̀ kò lè pa á lára. Barnaby Joyce, tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba Ọsirélíà ní ọdún 2017, ni a bí sí Ọsirélíà. New Zealand ni a bí bàbá rẹ̀ sí, òfin ibẹ̀ sì ti sọ ọmọ náà di ọmọ ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Abala 44 nínú òfin Ọsirélíà kò gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ gba ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ti òun àti àwọn aṣòfin mẹ́rin mìíràn. Ó ti di ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó kọ ti New Zealand sílẹ̀, wọ́n sì tún un dìbò yàn ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n ohun tí ìdílé lè ti sọ fún un nílé ni ilé-ẹjọ́ kéde ní gbangba.

Ní ti yíyàn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní kí o yan ohunkóhun. Jámánì fi tipátipá mú àwọn ọmọ àjèjì tí a bí síbẹ̀ láti yan ọ̀kan kí wọ́n tó pé ọdún 23, ó dín in kù gan-an ní ọdún 2014, ó sì pa á rẹ́ pátápátá ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Jàpáánì ṣì ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá ti ní méjì kó tó pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kó tó pé 20. Ọdún 22 ni títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ìdí nìyẹn tí Naomi Osaka, agbá-tẹníìsì tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jàpáánì, tó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà, fi gbé ìgbésẹ̀ láti yan Jàpáánì ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 22. Íńdíà àti Ṣáínà kò gba méjì rárá. Àwọn kan wà tí wọn kò ní kí o yan, ṣùgbọ́n tí ẹ̀tọ́ rẹ lè kú bí o kò bá ṣe nǹkan kan: ọmọ Denmark tí a bí sí òkè òkun, tí kò gbé ibẹ̀ rí, tí kò sì ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ibẹ̀, ń pàdánù rẹ̀ ní ọdún 22 bí kò bá kọ̀wé béèrè pé kí ó wà síbẹ̀, àgbàlagbà ọmọ Netherlands tó ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tó sì ń gbé lẹ́yìn òde ilẹ̀ Netherlands àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ọdún 13, ń pàdánù tirẹ̀ bí kò bá tún páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gbà láàárín àkókò náà.

Má kọ èyíkéyìí sílẹ̀ nítorí ìbínú. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bíi àjèjì bó bá tún fẹ́ ẹ. Bẹ àwọn òbí rẹ kí wọ́n kó gbogbo ìwé náà fún ọ: ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ, ti ìgbéyàwó wọn, ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù tiwọn, àti ìwé èyíkéyìí tí ẹ́ḿbásì ti fún wọn nípa rẹ. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè méjèèjì, kí o bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ṣé ọmọ yín ni mí lónìí, ọjọ́ wo ni mo lè pàdánù rẹ̀, kí ni ó sì lè fà á, kí ni ẹ ń retí lọ́wọ́ mi bí mo bá pé ọdún 18, ní ti iṣẹ́ ológun, owó orí àti ìforúkọsílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fèsì lórí ìwé, kí o sì tọ́jú èsì wọn. Oṣù tó kù kí o pé ọdún 18 kò pọ̀ mọ́, nítorí náà fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.